Má Torí Ahọ́n Mi Kọ Iṣẹ́ Náà

Ilé wa,
Ẹdẹ.
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àjíkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tó tún fẹ́ máa ṣe ìyá mi,

Mo kí ọ o. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Adìyẹ tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa náà kí ọ. Abẹ́ àga mi ló wá ń yé ẹyin sí báyìí, bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Ara mi le. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, kí o má baà máa sáré ka ìwé yìí bí ẹni tó ń wá ibi tí ìròyìn burúkú sápamọ́ sí. Kò sí ìròyìn burúkú nínú rẹ̀. Ìbínú díẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ kó kúrò lọ́nà.

Ní Sátidé tó kọjá, o jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná mi, o ní o ò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ ní yàrá ìwádìí jẹjẹrẹ ní Ìbàdàn mọ́. Iṣẹ́ tí o ti ń lé láti ìgbà tí o ti jáde ní yunifásítì! O ní ọjọ́ tí wọ́n mú ọ yí ibẹ̀ ká, wọ́n fi ègé jẹjẹrẹ tí wọ́n gé lára ahọ́n ẹnì kan hàn ọ́, lo bá sá jáde lọ sunkún lẹ́yìn ilé, torí ahọ́n màmá rẹ ló wá sí ọ lọ́kàn. O ní ọjọ́ Ajé tó máa bẹ̀rẹ̀ oṣù tuntun, tí wọ́n ń retí rẹ, wọn ò ní rí ọ. Mo la ẹnu láti fèsì. O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti gé lára ahọ́n mi, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi mọ́. Kí n tó parí gbólóhùn kan ṣoṣo, o ti di ọwọ́ mi mú, o ní, "Màámi, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ."

Irọ́ lo pa. O ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Èmi tí mo fi ẹnu yìí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, tí gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́ tí mo bá wúkọ́ lásán, ọmọ tèmi wá ń bá mi parí ọ̀rọ̀ nítorí àánú. Àánú ọ̀hún dùn mí ju ibi tí wọ́n gé lọ. Mo sunkún nígbà tí o lọ tán, bàbá rẹ ló sì gba ọ̀rọ̀ náà sí òmíràn, tó ń bi mí bóyá àlùbọ́sà ni. Mo wá rò ó pé ọwọ́ mi ò ṣàìsàn. Tí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé, o ò lè já a gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí. Má ṣe bá aláìsàn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní lára iṣẹ́ rẹ ni pé wàá máa lọ bá àwọn tí wọ́n ń gbàtọ́jú ní wọ́ọ̀dù. Wàá rí àwọn tí jẹjẹrẹ mú ní ahọ́n, ní ọ̀fun, ní ibi gògóńgò. Òmíràn á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Fún un láyè. Ohùn ló yẹ̀, ọgbọ́n orí wà níbẹ̀ digbí.

Ìkejì, lórí ẹ̀rù. Ọmọ mi, n ò ní sọ fún ọ pé kí o má bẹ̀rù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ìlú Awo ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé. Mo wọ bàtà gíga lọ. N ò tíì gbé ibẹ̀ pẹ́ tí ọ̀gá ilé ìwé fi ra ẹja àrọ̀ láàyè wá, ó ní kí n pa á lójú àwọn ọmọ, kí n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. N ò pa ẹja rí! Ẹja yíyan ni ìyá tèmi máa ń rà. Ojú tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo bá di ojú, mo gbé ọ̀bẹ sókè, ẹja yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gba abẹ́ bẹ́ǹṣì lọ. Àwọn ọmọ gun orí tábìlì, wọ́n ń pariwo, "Ẹja tíṣà ti sá lọ o!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti di ẹrù mi, mo ti wọkọ̀ padà sí Ẹdẹ.

Káfíńtà ni bàbá mi, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ó ń fá pákó lọ́wọ́ nígbà tí mo dé, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Ta ló lé ọ wálé?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó lé mi, Bàbá. Mo rí i pé Ọlọ́run ò pè mí síṣẹ́ tíṣà ni."

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti kọ́kọ́ rò ó fún ìyá mi, ìyẹn sì ti sọ fún un. Ó ní, "Hẹn ẹ̀n. Ẹja ló lé ọ. Tún ẹrù ẹ dì, o ń padà lọ lọ́la."

Mo padà. Ọ̀gá wa fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, ó tún ra ẹja mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí mo la ojú mi sílẹ̀, mo sì rí i pé tí ènìyàn bá ń wo ẹja, ọwọ́ á mọ ibi tó yẹ kó dì mú. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹja ò bọ́ mọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Tí o bá fẹ́ sunkún ní yàrá ìwádìí, sun ún. Nu ojú rẹ, kí o padà sídìí iṣẹ́.

Àbí o rò pé o ò tíì wo jẹjẹrẹ rí? Ta ló kọ́kọ́ wo tèmi? Egbò kékeré ló jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Mo ní eyín tó kán ló ń họ ọ́. Mo ń fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, mo fi òkúta funfun tí wọ́n ń pè ní álọ́ọ̀mù sí i, arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa gbé oyin wá, mo lá a, ó sì dùn. Nígbà tí kókó yọ lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo yí gèlè padà, mo fi etí rẹ̀ bò ó. Kò dùn mí, ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Irú ọgbọ́n wa níbí nìyẹn: tí ènìyàn bá ṣì ń jẹun, tó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ṣì ń bá ìyàwó ilé jà, ara rẹ̀ le. A wá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ìwọ lo wálé lọ́jọ́ kan, tí mo yán lójú rẹ, lo bá ní kí n tún ẹnu là. O tan iná fóònù rẹ sí i. O wò ó dáadáa, o tún fi ọwọ́ kan ọrùn mi. O ò sunkún. Ohun tí o sọ ni pé, "Màámi, ẹ wọṣọ. Ilé ìwòsàn yá." Ká ní o di ojú rẹ lọ́jọ́ náà ni, bóyá ibòmíràn ni ǹ bá wà báyìí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà nígbà tí o ní o ò lè wò ó.

Láti inú èyí ni mo ti fa ìmọ̀ràn kẹta yọ. Wàá rí àwọn tó máa pẹ́ kí wọ́n tó wá, tí kókó á ti tóbi. Má bú wọn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, òótọ́ ni, kí o sì máa sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé egbò ẹnu tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò jinná, kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà. Àmọ́ ẹni tó ti pẹ́ ti mọ̀ pé òun pẹ́. Bákan náà, má ṣe sọ ìbéèrè di ẹjọ́. Wọ́n bi mí bóyá mò ń mu sìgá, bóyá mò ń fín áásáà, bóyá mò ń mu ọtí. Wọ́n ní láti bi mí, mo mọ̀, torí àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ṣí áásáà ní òdìkejì títì, èmi ni màá sín! Nọ́ọ̀sì náà wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Ọ̀nà tó gbà wò mí ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ìmọ̀ràn kẹrin ló gùn jù, torí ó kàn ọ́ gan-an. Máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ délẹ̀délẹ̀.

O rántí ọjọ́ tí o pè mí lórí fóònù, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí mò ń múra fún ìtọ́jú onítànṣán. Mo ní kí ni wọ́n tilẹ̀ ní ó mú nǹkan náà dàgbà bẹ́ẹ̀. O ń kánjú, o ní, "Àwọn purotéènì kan ni, Màámi. Àwọn ló ń mú un dàgbà." O sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọmọ yìí! Ta lo sọ bẹ́ẹ̀ fún? Èmi tí mo ti ń kọ ọ́ sí ojú pátákó láti ìgbà ọ̀dọ́ mi pé purotéènì ni oúnjẹ amáradàgbà: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹran, wàrà. Mo ti fi ọ̀pá tọ́ka sí i lójú pátákó, àwọn ọmọ ti kọ ọ́ lórin. Mo wá jókòó, mo rò ó bí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ purotéènì ló ń bọ́ ọ, ebi ni màá fi pa á. Mo pa ẹ̀wà tì, mo pa ẹyin tì. Ògì lásán ni mò ń mu, àti ẹ̀kọ tí n ò fi ohunkóhun tì lẹ́yìn. Bàbá rẹ á ra mọ́ínmọ́ín wá kí n lè rí ohun rírọ̀ gbé mì, màá dúpẹ́, tó bá ti yíjú, màá gbé e fún adìyẹ. O ò tíì rí adìyẹ tó sanra bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá rẹ ká mi mọ́ ọn. Ó ní, "Ìyá Àjíkẹ́, ṣé adìyẹ lo fẹ́ gbé lọ fún ìtọ́jú ni àbí ìwọ?"

Mo ní n ò lè ṣàlàyé fún un, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gbé mi dé orí òṣùwọ̀n ní ilé ìwòsàn. Dókítà wo òṣùwọ̀n, ó wo ojú mi, ó ní òun ò lè bẹ̀rẹ̀ ìtànṣán lára ẹni tó ti rù báyìí, àfi tí mo bá jẹun. Ìwọ tí o tẹ̀lé mi lọ lo wá bi mí ohun tí mò ń jẹ. Nígbà tí mo sọ ọ́, o kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà lo bú sẹ́kún, o ní, "Màámi, ẹ̀wà ò lọ́wọ́ nínú ẹ̀! Ẹ dárí jì mí, èmi ni mi ò ṣàlàyé." Orí ìjókòó onípákó níwájú yàrá dókítà lo ti wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mi ò sì gbàgbé rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ padà fún ọ, kí o fún mi ní máàkì.

Purotéènì tí a bá jẹ, inú á lọ̀ ọ́ sí wẹ́wẹ́, ara á sì fi wẹ́wẹ́ náà kọ́ tirẹ̀. Ara tí wọ́n gé nílò rẹ̀ kó tó jinná. Kì í ṣe ẹ̀wà tí mo jẹ ló ń pàṣẹ fún jẹjẹrẹ. Àwọn tó ń pàṣẹ ni àwọn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ń ṣe, nípa ìlànà tó wà nínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ni ohun kéékèèké tí ojú lásán ò rí, tí wọ́n kó ara wọn jọ di ara ènìyàn. Lára ògiri rẹ̀, purotéènì kan wà tó ń gba iṣẹ́ tí ara bá rán. Tí egbò bá fẹ́ jinná tàbí tí awọ tuntun fẹ́ hù, ara á ránṣẹ́, purotéènì yìí á kéde rẹ̀ fún àwọn tó wà nínú pé ó tó àsìkò kí sẹ́ẹ̀lì pín sí méjì. Tó bá tó, á dákẹ́. Mo ní, áà, ẹni tó ń lu agogo ilé ìwé nìyẹn! O ní bẹ́ẹ̀ ni. O ní nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun, àwọn alágogo yìí ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kí wọ́n máa lu agogo láìsí ẹni tó rán wọn.

O ní purotéènì mìíràn tún wà nínú lọ́hùn-ún tó dà bí tíṣà tó ń ṣọ́ ọgbà. Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá ti bàjẹ́, òun ló máa dá a dúró kó tún ara rẹ̀ ṣe, tí kò bá sì ṣeé tún ṣe, á ní kó kú. Tábà àti ọtí máa ń ba ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe olùṣọ́ yìí jẹ́. Kòkòrò àìfojúrí kan sì wà tó máa ń wọ ọ̀nà ọ̀fun, tó jẹ́ pé purotéènì tirẹ̀ ló ń run olùṣọ́ náà. Alágogo ò dákẹ́, tíṣà ò sí nínú ọgbà. Ta ni kò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ilé ìwé bẹ́ẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì á máa pín, á máa pín, títí á fi di kókó, tí kókó náà á fi ya lọ sí ọrùn.

Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí ẹ ò fi dí ẹnu alágogo. O ní oògùn wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn kó má lè gba iṣẹ́ mọ́. O ní kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló ń bá mu, torí tí wọ́n bá dí ẹnì kan lẹ́nu, jẹjẹrẹ a máa wá alágogo mìíràn, ẹnikẹ́ni ò sì tíì mọ gbogbo wọn tán. Ojú rẹ ń dán bí o ṣe ń sọ ọ́. Mo jẹ ẹyin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣé o rí i? Àìṣàlàyé tó fẹ́ẹ̀ fi ebi pa mí, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àlàyé ló tún mi ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ìwé, Àjíkẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó tún lè jókòó ti ìyá arúgbó kan tí á fi yé e, wọn ò pọ̀. Máa bi aláìsàn pé kó sọ ohun tó gbọ́ padà fún ọ. Bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹnì kan ti ṣe é fún mi.

Ìyókù n ò kà mọ́, bí wọ́n bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni màá kọ wọ́n.

Má lọ síbẹ̀ láti gbà mí là. Mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ fi ìkánjú wá oògùn tí màmá rẹ máa lò. Ìtọ́jú tèmi ti parí, wọ́n ń yẹ̀ mí wò lásìkò, wọn ò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Tó bá padà, a ó tún wọṣọ. Tí kò bá padà, a ó jẹ ìrẹsì Kérésì. Àìsàn là á wò, a kì í wo ọlọ́jọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lọ́ra, ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹni tí a kò tíì bí ló máa jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣe é bẹ́ẹ̀.

Jẹun lọ́sàn-án. Má máa fi bisikíìtì tan ikùn rẹ.

Tí àbájáde iṣẹ́ rẹ kò bá rí bí ọ̀gá rẹ ṣe fẹ́, sọ ọ́ bó ṣe rí. Irọ́ nínú ìwádìí, ara ẹlòmíràn ló ń bọ́ sí.

Wá ṣọ́ọ̀ṣì tó sún mọ́ ọ, kí o sì dara pọ̀ mọ́ akọrin. Èmi ṣì ń lọ síbi tiwa. Mo máa ń jókòó sáàárín àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn alto, mo ṣí ìwé orin, mò ń kùn ún nímú. N ò purọ́ fún ọ, ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá dé ibi tí mo fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé tí mo bá dúró sílé, ó ń dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọkùnrin gidi kan bá sì wà láàárín àwọn tenor tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ, màmá rẹ ò sọ nǹkan kan o.

Ó ku ohun kan, n ò sọ ọ́ fún ìwọ àti bàbá rẹ rí, torí ẹkún yín ti pọ̀ tó nígbà náà. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, dókítà obìnrin kan wá jókòó tì mí. Ó ní bí wọ́n bá gé ohun tí wọ́n fẹ́ gé tán, ṣé mo lè yọ̀ǹda díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣèwádìí, kí wọ́n lè mọ purotéènì tó ń dà á láàmú. Ó ní mo lè kọ̀, pé kò ní kan ìtọ́jú mi. Mo bi í níbi tí wọ́n á gbé e lọ, ó dárúkọ ibẹ̀ fún mi, mo sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́, tí o sọ orúkọ ibi tó jẹ́, mo wọ yàrá mi lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìkúnlẹ̀, mi ò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Inú fíríìjì wọn níbẹ̀ ni ègé ahọ́n mi wà, Àjíkẹ́, láàárín ti àwọn ẹlòmíràn. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sára ègé kọ̀ọ̀kan, wọn kì í kọ orúkọ, nítorí náà o ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti màmá rẹ láéláé. Lọ lọ́jọ́ Ajé, kí o máa gbé gbogbo wọn bí ẹni tó ń gbé tèmi.

Èmi ni,
Màmá rẹ.